Nagesh, aláwàdà ilẹ̀ Tamil: ẹ̀rín kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré

  

Lónìí, a kò sọ̀rọ̀ ìbò, a kò sì sọ̀rọ̀ ọjà tó wọ́n. Ọ̀rọ̀ aláwàdà kan la gbé wá. Kì í ṣe ará ilẹ̀ wa. Ọmọ ilẹ̀ Tamil ni, ní gúúsù Íńdíà, Nagesh lorúkọ rẹ̀, ó sì ti kú láti ọdún 2009. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà, nítorí ojú tí wọ́n fi wò ó nílé wọn kò yàtọ̀ sí ojú tí à ń fi wo àwọn aláwàdà tiwa.

Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí pé "aláwàdà lásán ni"? Ẹni tó bá mú ọgọ́rùn-ún ènìyàn sunkún, a ó pè é ní ọ̀gá. Ẹni tó mú ọgọ́rùn-ún ènìyàn rẹ́rìn-ín, a ó rẹ́rìn-ín tán, a ó gbọn aṣọ wa, a ó sì máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ àwa la ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwa la mọ̀ pé Ẹ̀fẹ̀ ní í kọ́kọ́ jáde lóru, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó wá jó lójú ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àwa la mọ̀ pé ẹnu Ẹ̀fẹ̀ máa ń sọ ohun tí ẹlòmíràn kò jẹ́ sọ lójú ìjòyè, tí gbogbo ìlú á rẹ́rìn-ín, tí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì bá yóò tún ìwà rẹ̀ ṣe. Gbogbo ayé ti gbà pé iṣẹ́ ńlá ni. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ìṣúra àṣà ayé. Bí ó bá wá jẹ́ pé láàárín wa ni a ti ń pe apanilẹ́rìn-ín ní ẹni lásán, ó yẹ kí á jókòó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Báwo la tilẹ̀ ṣe mọ Nagesh? Kajú ló fà á. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀: bí àsìkò kajú bá ti wọlé, àwọn ará Íńdíà a bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti wá rà á. Àwa mẹ́ta ọmọ ìyá kan tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀kan nínú wọn ṣiṣẹ́ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Èyí àgbà nínú wa ló ń wọn àpò, èyí àárín ló ń kọ ọ́ sínú ìwé, àbíkẹ́yìn ló ń ṣe ògbufọ̀ láàárín ọkùnrin náà àti àwọn àgbẹ̀. Ará Tuticorin ni, ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Tamil tí ọkọ̀ ojú omi ti máa ń já kajú ilẹ̀ Áfíríkà. Faransé rẹ̀ kò tó nǹkan, tiwa náà kò fi bẹ́ẹ̀ tọ́. Ọwọ́ àti ojú la fi ń parí rẹ̀.

Ní alẹ́, bí iṣẹ́ bá parí, ọkùnrin yìí á jókòó sórí àpò kajú, á tan fóònù rẹ̀, á sì máa dá rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan a ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ̀ ń wò?" Ó yí fóònù sọ́dọ̀ wa. Fíìmù àtijọ́ ni. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń sọ ìtàn fún bàbá rẹ̀ tó jókòó sórí àga. Ó ń fi ẹnu ṣe ìró ilẹ̀kùn tó ń han, ó ń fi ẹnu ṣe ìró ẹsẹ̀ lóru, ó ń sún mọ́ bàbá náà díẹ̀díẹ̀. Ojú bàbá ń yí padà. Ẹ̀rù ń bà á nínú ilé ara rẹ̀, lójú ọ̀sán gangan. Àwa kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Tamil, ṣùgbọ́n a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọkùnrin náà tún fíìmù náà gbé padà sẹ́yìn, a tún wò ó. Ó ní fíìmù tí bàbá òun fẹ́ràn jù nìyẹn.

A sọ fún un pé àwọn òbí wa náà máa ń wo fíìmù Íńdíà nílé sinimá, orin àti ijó àti ìjà. Ó mi orí. Ó ní ìyẹn jẹ́ ti Bombay, èdè Hindi ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, èdè tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Ó ní kí á má pe Tamil ní Hindi mọ́. Ó yé wa kíákíá, nítorí a mọ bí ó ṣe máa ń rí lára ọmọ Kétu bí àlejò bá dé tó pè é ní Fọ̀n.

Láti ìgbà yẹn ni a ti ń wá fíìmù Nagesh wò, tí a sì ń ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Ohun tí a rí nìyí.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1933 ni wọ́n bí i, ní agbègbè Dharapuram. Nageswaran lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Gundu Rao ni wọ́n máa ń pè é nílé. Èdè Kannada ni wọ́n ń sọ nínú ilé wọn, kì í ṣe Tamil. Ìta ló ti ń bá àwọn ènìyàn sọ Tamil. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àjàṣẹ́, ẹ mọ irú ayé yìí dáadáa: Yorùbá nílé, Gùn lọ́jà, Faransé nílé ìwé. Ọmọ tó bá dàgbà láàárín èdè méjì, etí rẹ̀ máa ń mú. Yàtọ̀ sí ohun tí ènìyàn ń sọ, ó tún ń gbọ́ bí ẹni náà ṣe ń sọ ọ́, ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń gòkè, ibi tí ó ti ń bọ́. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni iṣẹ́ aláwàdà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lè gbọ́ ohùn ẹlòmíràn kò lè fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Nígbà tó wà léwe, ilẹ̀ gbígbóná mú un. A kò ní pe orúkọ rẹ̀ gan-an níhìn-ín, ẹ̀yin àgbà mọ ìdí. Ní ilẹ̀ Tamil náà, wọn kò fojú àrùn lásán wò ó. Òrìṣà obìnrin kan tó ń jẹ́ Mariamman ni wọ́n so ó mọ́, òun ni wọ́n máa ń bẹ̀ kí ara aláìsàn lè tutù. Ó yà wá lẹ́nu gan-an pé ilẹ̀ tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀rù ohun kan náà ní irú ọ̀nà kan náà. Ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn yẹn ti tán láyé, ṣùgbọ́n àwọn tó mú kí ó tó tán gbé àpá rẹ̀ kiri. Àwọn kan lára ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tí ojú wọn rí bẹ́ẹ̀. Nagesh yè é, àpá náà sì wà lójú rẹ̀ títí ó fi kú.

Ẹ wá rò ó wò. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ojú rẹ̀ kún fún àpá, ó sọ pé òun fẹ́ ṣe eré. Ní àsìkò tí ó jẹ́ pé ẹni tí ojú rẹ̀ ń dán, tí igbá àyà rẹ̀ gbòòrò, ni wọ́n ń fi ṣe fíìmù. Ẹlòmíràn ì bá wá iṣẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ènìyàn wo ojú òun. Òun gbé ojú náà lọ síbi tí iná pọ̀ sí jù.

Ó wá sí Madras, ìlú tí à ń pè ní Chennai lónìí, ó sì rí iṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ló jọ gbé yàrá kan. Ọ̀kan nínú wọn ni Vaali, tó wá di ọ̀kan nínú àwọn akéwì tí orin fíìmù Tamil mọ̀ jù. Nígbà náà, kò sí ẹni tó mọ èyíkéyìí nínú wọn.

Ibi iṣẹ́ rélùwéè yìí ló ti bọ́ sínú eré. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ṣe eré orí ìtàgé láàárín ara wọn, wọ́n sì fún un ní ipa kékeré kan: ipa ẹni tí inú ń run. Ó bọ́ síta, ó ká, ó nà, ó di inú mú, ó ń yí ojú, títí tí gbogbo ilé fi ń rẹ́rìn-ín. Àlejò pàtàkì ọjọ́ náà ni M. G. Ramachandran, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní MGR, òṣèré ńlá tó wá di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní ọdún 1977. Láàárín gbogbo àwọn tó ṣeré lọ́jọ́ náà, ẹni tí inú ń run yìí ni MGR yìn ní gbangba.

A máa ń ronú lórí èyí. Inú rírun kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ẹni tí inú ń run nínú wa kì í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí inú kò run rí. Àwọn tó wà níbẹ̀ rí ara wọn, ìrora tí olúkúlùkù ti dá jẹ nínú yàrá rẹ̀, wọ́n wá rí i lára ẹlòmíràn ní gbangba, ó sì fúyẹ́. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Ní Madras nígbà náà, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣeré orí ìtàgé ló ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì lójú ọ̀sán. Bí wọ́n bá jáde níbi iṣẹ́, wọ́n á lọ fi eré dánra wò. Ọ̀kan nínú wọn ni K. Balachander, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń yẹ ìṣirò owó ìjọba wò. Akọ̀wé ọ́fíìsì yìí àti akọ̀wé rélùwéè yẹn pàdé, ìpàdé wọn sì so èso. Balachander rí ohun tí ẹlòmíràn kò tíì rí lára Nagesh. Ó rí i pé ẹni tó lè pani lẹ́rìn-ín báyìí yóò lè pani lẹ́kún. Ó kọ eré kan tí ó fi Nagesh sọ́kàn nígbà tó ń kọ ọ́. Server Sundaram lorúkọ eré náà.

Ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tí Nagesh kọ́kọ́ ṣe, Thamarai Kulam, jáde ní ọdún 1959. Kò fi bẹ́ẹ̀ pariwo. Ọdún 1964 ni ilẹ̀ mọ́ fún un. Ní ọdún yẹn, olùdarí C. V. Sridhar fi í sínú Kadhalikka Neramillai. Ibẹ̀ ni ìtàn ẹlẹ́rù tí ọmọ sọ fún bàbá wà, èyí tí a wò lórí àpò kajú. Ọmọ olówó tó fẹ́ di olùdarí fíìmù ló ṣe, tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ. T. S. Balaiah ló ṣe bàbá. Ẹ bá wa wò ó bí ẹ bá rí i. Balaiah kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀, ó kàn ń bẹ̀rù ni, ìbẹ̀rù rẹ̀ ló sì jẹ́ kí ti Nagesh dùn. Ẹni méjì ló ń ṣe ẹ̀fẹ̀ náà.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé ohun kan. Nínú fíìmù Tamil ìgbà náà, wọ́n máa ń ya ọ̀nà aláwàdà sọ́tọ̀. Akọni á máa jà, á máa fẹ́ arẹwà, á máa kọrin. Aláwàdà á ní tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wọlé, á pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, á jáde. Nagesh ṣe irú rẹ̀ láìlóǹkà, ó sì sábà máa ń jẹ́ òun àti Manorama, obìnrin tí òun náà ti orí ìtàgé bọ́ sínú fíìmù. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, agbára káká ni fíìmù Tamil ńlá kan fi máa ń jáde tí Nagesh kò ní sí níbẹ̀. Àwa tí a mọ Bàbá Sàlá, Moses Ọláìyá, mọ irú ìrìn yìí: láti orí ìtàgé sí tẹlifíṣọ̀n, láti tẹlifíṣọ̀n sí fíìmù Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982.

Ní ọdún 1965, A. P. Nagarajan ṣe fíìmù Thiruvilayadal, ìtàn òrìṣà Shiva. Sivaji Ganesan, ọ̀gá àwọn òṣèré nígbà náà, ló ṣe Shiva. Nagesh ṣe Dharumi, akéwì tálákà kan. Ọba Madurai ní òun yóò fún ẹni tó bá lè kọ ewì tó dáhùn ìbéèrè òun ní 1000 owó wúrà. Dharumi fẹ́ owó náà, ṣùgbọ́n kò mọ ewì í kọ. Ó lọ sínú tẹ́ńpìlì, ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń ráhùn. Òrìṣà gan-an bá wá bá a ní àwọ̀ ènìyàn, ó ní òun yóò fún un ní ewì. Dharumi kò gbà á gbọ́. Ó ń bi òrìṣà ní ìbéèrè bí olùkọ́ ṣe ń bi akẹ́kọ̀ọ́.

Ìtàn kan wà tí àwọn ará ilẹ̀ Tamil fẹ́ràn láti máa sọ nípa ọjọ́ náà. Wọ́n ní púpọ̀ nínú ìráhùn Dharumi yẹn kò sí nínú ìwé, Nagesh ló dá a sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rù ń bà á pé bí Sivaji bá rí i pé aláwàdà ti gba ojú ènìyàn mọ́ òun lọ́wọ́, yóò ní kí wọ́n gé e kúrò. Wọ́n ní Sivaji wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ibì kankan níbẹ̀. Bí a ṣe gbọ́ ọ la ṣe sọ ọ́. Ohun tó dájú ni pé àwọn ènìyàn ṣì ń fara wé ìrìn Dharumi títí dòní. Òrìṣà wà nínú fíìmù náà, ọba wà níbẹ̀, akéwì tálákà tí ebi ń pa ni wọ́n rántí.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí Server Sundaram, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Wọ́n sọ eré orí ìtàgé náà di fíìmù ní ọdún 1964 kan náà, Nagesh ló sì ṣe olórí eré. Sundaram ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà nílé oúnjẹ kan. Tálákà ni, kò lẹ́wà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fà sí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Radha. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Raghavan ràn án lọ́wọ́ títí ó fi di òṣèré fíìmù, ó lówó, ó lókìkí. Ìgbà náà ló wá mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí gan-an ni Radha fẹ́. Ìyá rẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn jù láyé, kú nígbà tí òun wà níbi iṣẹ́ fíìmù, kò bá a láàyè. Gbogbo ìlú ń rẹ́rìn-ín nítorí rẹ̀, òun kò sì ní ẹni tí yóò bá sunkún. Ní ìparí, ó padà wọ aṣọ ilé oúnjẹ rẹ̀.

Nígbà tí a wò ó tán, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ìgbà díẹ̀. Ẹnì kan náà la jọ ń ronú kàn.

A ní àbúrò bàbá kan ní Kétu, Bàbá Kékeré la máa ń pè é. Òun ni aláwàdà ìdílé wa. Kò sí ìsìnkú, kò sí ìkómọjáde, kò sí ìgbéyàwó tí wọn kì í ti í wá a. Nígbà kan, àwọn bàbá wa méjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì nítorí ààlà oko kajú. Wọ́n pe ìpàdé títí, àgbà sọ̀rọ̀ títí, wọn kò gbà. Bàbá Kékeré bá dìde. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọn ààlà náà láàárín ilé, ó rìn bí ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń rìn, ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó tún padà, ó rìn bí àbúrò ṣe máa ń rìn, ẹsẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ń ka ẹsẹ̀ sókè. Iye kò dọ́gba. Ó bẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wò, ó bínú sí i. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wo ojú ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n jọ lọ rí àmì sí ilẹ̀.

Nígbà tí ó wá di ọ̀rọ̀ oyè nínú ìdílé, tí ẹnì kan dárúkọ Bàbá Kékeré, àwọn kan ní rárá. Wọ́n ní a kì í fi aláwàdà joyè, wọ́n ní kí ni àlejò yóò sọ. Bàbá Kékeré wà níbẹ̀. Ó fi èyí náà ṣẹ̀fẹ̀, gbogbo ènìyàn tún rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ fún wa níta gbangba ilé pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá ń pani lẹ́rìn-ín, wọn kì í bi í bóyá ó ti jẹun." Kò fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó ti lọ sọ́run báyìí. Ní ọjọ́ tí a sin ín, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ilé tó kọ́ tàbí oko tó dá. Olúkúlùkù ń sọ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kan, wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń sunkún.

Ẹ jẹ́ kí á parí ìtàn Nagesh. Balachander ń bá a lọ láti fún un ní ipa tó jinlẹ̀. Fíìmù àkọ́kọ́ tí Balachander fúnra rẹ̀ darí, Neerkumizhi, ní ọdún 1965, Nagesh ló ṣe aláìsàn aláwàdà nínú ilé ìwòsàn, ẹni tí ikú ti sún mọ́. Orúkọ fíìmù náà túmọ̀ sí ìfófòó orí omi. Ní ọdún 1968, ó ṣe Maadhu nínú Ethir Neechal, ọmọ aláìlóbìí tó ń gbé lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, tí gbogbo wọn ń rán níṣẹ́ kiri kí ó tó rí oúnjẹ jẹ, òun náà sì ń kàwé. Ní ọdún yẹn kan náà ló ṣe Vaithi nínú Thillana Mohanambal, oníbàjẹ́ alárékérekè tí ènìyàn kò lè kórìíra tán.

Nígbà tó yá, ayé yí. Àwọn aláwàdà tuntun dé, ara rẹ̀ kò le bíi ti tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ sì dín kù. Ẹni tó tún fà á jáde dáadáa ni Kamal Haasan, òṣèré tí òun náà ti abẹ́ ọwọ́ Balachander jáde. Ní ọdún 1989, nínú Apoorva Sagodharargal, ó fi Nagesh ṣe ìkà. Ojú tí àwọn ènìyàn ti ń rí fún ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín, ojú náà ló wá ń dẹ́rù bà wọ́n. Ní ọdún 1994, nínú Magalir Mattum, wọ́n fi í ṣe òkú. Kò sọ̀rọ̀, kò ṣẹ́jú, wọ́n kàn ń gbé e kiri ni. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ṣíṣe òkú tí yóò pani lẹ́rìn-ín le ju sísọ̀rọ̀ lọ, á mọ̀ pé ọ̀gá ni. Ènìyàn kò ní ohùn, kò ní ẹsẹ̀, kò ní ojú, síbẹ̀ gbogbo ilé sinimá ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1994 yẹn náà ló ṣe Nammavar. Bàbá tí ọmọbìnrin rẹ̀ kú ló ṣe níbẹ̀. Fún ipa yìí ni ìjọba àpapọ̀ Íńdíà fi fún un ní ẹ̀bùn orílẹ̀-èdè fún òṣèré tó ṣàtìlẹ́yìn dáadáa jù. Ẹ dákun, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe fíìmù. Ó ti pa ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lẹ́rìn-ín fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìgbà tó sunkún ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn orílẹ̀-èdè.

Oyè Padma wà tí ìjọba Íńdíà máa ń fi dá àwọn ènìyàn ńlá lọ́lá lọ́dọọdún. Manorama gba tirẹ̀ ní ọdún 2002, ó sì tọ́ sí i. Nagesh kò gbà á. Fíìmù rẹ̀ ìkẹyìn, Dasavathaaram, jáde ní ọdún 2008. Ó kú ní Chennai ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2009, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Àwọn kan lè sọ pé kí ló kàn wá nínú oyè ilẹ̀ Íńdíà. Kò kàn wá. Ohun tó kàn wá ni pé ìwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ni àwa náà fi ń wọn ènìyàn. A rò pé ohun tó bá wúwo ni ó ní láti fa ojú ro. Ẹni tó bá ń sọ òótọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, a máa ń rò pé kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Irọ́ ni. Ó mọ̀ ọ́n ju àwa lọ, òun ló kàn gbé e ní ọ̀nà tí a ó fi lè bá a gbé e. Àwọn baba wa tó fi Ẹ̀fẹ̀ ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ bẹ̀ yín kò pọ̀. Ní ìlú yín, ní àdúgbò yín, ó ní ẹni tó ń pa yín lẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ ọlọ́rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ti ń rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìyá kan lọ́jà, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n kan nínú ilé. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó wà láàyè, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé báwo ni ara rẹ̀ ṣe rí, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Bí ọ̀rọ̀ oyè tàbí ọ̀rọ̀ ọlá bá sì délẹ̀, tí ẹnì kan bá ní "aláwàdà lásán ni," ẹ bá wa sọ fún un pé ó ti ṣì í wí.

Fún àwọn tó bá fẹ́ wo Nagesh, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn tí ọmọ ń sọ fún bàbá nínú Kadhalikka Neramillai. Ẹ kò nílò ògbufọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá wo Server Sundaram, bí ọkàn yín bá gbà á.

Ẹ kọ orúkọ aláwàdà ìlú tiyín sísàlẹ̀ níbí, kí á jọ mọ̀ wọ́n. Ẹ̀rín kò ní tán nílé gbogbo wa o. Àṣẹ.